Bí ẹ ṣe máa wọn gíga ọkọ̀ ojú omi kó tó dé abẹ́ afárá

Gígùn àti fífẹ̀ ni àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi sábà máa ń sọ fún oníbàárà: gígùn mítà 7, fífẹ̀ mítà 2.2. Ìyẹn dára fún ìdúnàádúrà. Ohun tó kan afárá ni ìwọ̀n láti ojú omi dé ibi tó ga jù lọ lórí ọkọ̀, ìwọ̀n yẹn kì í sì í dúró sójú kan. Ó ń yí pa dà bí epo ṣe ń dín nínú táǹkì, bí èrò ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, bí ẹnìkan bá lọ de iná tuntun mọ́ òrùlé. Èyí tí ẹ nílò ni gíga ọkọ̀ nígbà tó bá fúyẹ́ jù. Òun lẹ máa fi wé àyè tó kù lábẹ́ afárá nígbà tí omi bá kún jù.

Fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn, ọ̀nà méjì ni ìwọ̀n yìí pín sí. Ọkọ̀ tí a kàn tàbí tí a tún ṣe níbí, orí tírélà ló máa gùn dé Èkó tàbí Ẹ̀pẹ́, yóò sì kọjá lábẹ́ wáyà iná àti afárá títì kó tó fojú kan ọ̀sà. Gíga orí títì yàtọ̀ sí gíga ojú omi, àmọ́ ẹ lè rí méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, nínú ọgbà tí ọkọ̀ wà, kí ẹnikẹ́ni tó sanwó tírélà.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Tépù onírin mítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún gíga. Tépù aláṣọ tó gùn tó mítà 30, fún ìwọ̀n orí ilẹ̀ nìkan. Aṣọ máa ń nà tí a bá fà á, ẹ má fi wọn gíga. Rọ́bà funfun tí omi inú rẹ̀ hàn síta, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń mú lẹ́fẹ́ẹ̀lì, kó gùn tó mítà 12. Páìpù PVC mẹ́ta tàbí mẹ́rin, èyí tí àwọn oníná máa ń ki wáyà sí, pẹ̀lú ohun tí a fi ń so wọ́n pọ̀. Okùn tínrín kan tí kì í nà, pẹ̀lú bóòtù wúwo kan tí ẹ máa so sí ìdí rẹ̀. Pákó gígùn kan tó tọ́ gbọọrọ, sípírítì lẹ́fẹ́ẹ̀lì, mákà àti sẹ́lótéèpù. Kò sí èyí tí ẹ kò ní rí ní Dùgbẹ̀ tàbí ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ilé kíkọ́ tó bá sún mọ́ yín, bí bíríkìlà àdúgbò kò bá ti yá yín ní ìdajì rẹ̀.

Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ lésà tí wọ́n fi ń wọn yàrá, ẹ mú un dání. Ó dára fún wíwọn abẹ́ afárá láti inú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró lórí afárá kí ẹ wá yìn ín sí ojú omi: ìtànṣán náà lè wọ inú omi lọ tàbí kó tàn pa dà síbòmíràn, nọ́ńbà tó bá gbé jáde kò ní ṣeé gbára lé.

Ibo ló ga jù?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wọn òrùlé, wọ́n á sì gbàgbé ohun tó wà lórí òrùlé. Ẹ gun ibi gíga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kí ẹ wò ó dáadáa: igi iná alẹ́, áńtẹ́nà rédíò, fèrè, òpó àsíá, irin tí wọ́n fi na tápólì, páànù sólà. Ẹ kọ gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ sì kọ èyí tó ṣeé dùbúlẹ̀ àti èyí tí kò ṣeé dùbúlẹ̀ síwájú rẹ̀.

Áńtẹ́nà ló sábà máa ń da ìṣirò rú. Àwọn áńtẹ́nà rédíò VHF (rédíò tí àwọn awakọ̀ ojú omi fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀) tó wọ́pọ̀ lórí ọkọ̀ kéékèèké gùn tó mítà 2.4. Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ kan tí òrùlé rẹ̀ fi mítà 2.35 ga ju omi lọ, tí igi iná rẹ̀ fi sẹ̀ntímítà 40 ga ju òrùlé. Ó di mítà 2.75. Tí áńtẹ́nà bá wá dúró lórí òrùlé yẹn, ó di mítà 4.75. Ìyàtọ̀ mítà 2 gbáko nìyẹn, nítorí ohun kan tí kò nípọn tó àtàǹpàkò. Ẹ ra ìdí áńtẹ́nà tó ṣeé dùbúlẹ̀, kí ẹ sì máa dán an wò déédéé. Omi iyọ̀ máa ń mú un di, ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀ gan-an ni kò ní dùbúlẹ̀.

Wíwọn nínú ọgbà

Ìṣòro tó wà nínú wíwọn lórí ilẹ̀ ni pé ọkọ̀ kì í jókòó lórí tírélà bó ṣe ń jókòó lórí omi. Imú rẹ̀ lè ga jù, tàbí ìdí rẹ̀. Tí ẹ bá kàn na tépù láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ẹ ti ṣì í. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti dá ọkọ̀ pa dà sí ìjókòó rẹ̀ lórí omi.

Ọkọ̀ tó ti wọ omi rí ní àmì: ìlà dúdú tàbí ìlà ewéko tí omi fi sára rẹ̀. Ẹ wá ìlà yẹn ní imú àti ní ìdí, kí ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn. Tí ọkọ̀ bá jẹ́ tuntun, ẹ béèrè ìlà náà lọ́wọ́ ẹni tó kàn án, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé àfojúdá ni títí ọkọ̀ yóò fi wọ omi.

1. Ẹ rọ omi sínú rọ́bà. Ẹ wò ó dáadáa kó má sí afẹ́fẹ́ kankan láàárín, nítorí afẹ́fẹ́ kékeré kan péré lè fi sẹ̀ntímítà bíi mélòó kan purọ́ fún yín. Ẹ fi ìka tẹ́ẹ́rẹ́ gbá rọ́bà náà títí gbogbo rẹ̀ yóò fi jáde.

2. Kí ẹnìkan di ẹnu kan rọ́bà mú sí àmì imú, kí ẹlòmíràn di ẹnu kejì mú sí àmì ìdí. Ẹ ṣí ẹnu méjèèjì sílẹ̀. Tí ẹ bá fi ìka dí ọ̀kan, omi kò ní bá ara mu.

3. Tí omi kò bá ṣe déédéé pẹ̀lú àmì méjèèjì, ẹ fi jáàkì gbé iwájú tírélà sókè tàbí kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi bá a mu. Ẹ fi òkúta há táyà kí ẹ tó fọwọ́ kan jáàkì. Kí ẹnikẹ́ni má wà lábẹ́ ọkọ̀, kó má sì sí lórí rẹ̀.

4. Ẹ gbé pákó tó tọ́ lé orí ibi tó ga jù, kí orí rẹ̀ kan yọ síta kọjá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ẹ fi sípírítì lẹ́fẹ́ẹ̀lì rí i pé pákó náà tẹ́jú. Pákó tí orí rẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ ló máa ń mú kí ọkọ̀ kúrú nínú ìwé tó sì ga lábẹ́ afárá.

5. Ẹ ju okùn tó ní bóòtù nídìí sílẹ̀ láti abẹ́ pákó. Ẹ mú omi rọ́bà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn náà, kí ẹ fi mákà sàmì sí i níbi tí omi dúró sí. Láti abẹ́ pákó dé àmì yẹn ni gíga ọkọ̀ yín lókè omi. Ẹ fi tépù onírin wọn okùn náà lẹ́ẹ̀mejì. Tí ìdáhùn méjèèjì bá fi ju sẹ̀ntímítà 1 yàtọ̀ síra, ẹ tún un ṣe.

Afẹ́fẹ́ máa ń fì okùn. Àárọ̀ kùtù ló dára jù fún iṣẹ́ yìí.

Kí ọkọ̀ tó kúrò lórí tírélà, ẹ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ pẹ̀lú. Èyí ni gíga orí títì, mo sì máa pa dà sí i.

Ẹrù, epo àti èrò

Bí ọkọ̀ bá ṣe wúwo tó ló ṣe ń rì tó. Ẹ sọ gígùn ìlà omi di púpọ̀ pẹ̀lú fífẹ̀, kí ẹ tún sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.7, nítorí pé imú ọkọ̀ tín-ín-rín. Fún ọkọ̀ tí ìlà omi rẹ̀ jẹ́ mítà 7 sí 2.2, ìdáhùn jẹ́ 10.78. Ìyẹn ni pé nǹkan bí kílò 108 ló máa tẹ̀ ẹ́ rì ní sẹ̀ntímítà 1. Èrò 10 tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 70 yóò tẹ̀ ẹ́ rì ní bíi sẹ̀ntímítà 6.5. Lítà 200 epo bẹntiróòlù, tó wúwo ní nǹkan bíi kílò 150, yóò fi sẹ̀ntímítà 1.4 kún un. Àpapọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ntímítà 8.

Sẹ̀ntímítà 8 lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń mú ènìyàn. Ọkọ̀ gbé èrò gba abẹ́ afárá kan kọjá láàárọ̀, iná òrùlé rẹ̀ fi díẹ̀ báyìí kọjá. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ń bọ̀ ní òfìfo, epo ti gbẹ nínú táǹkì, omi òkun sì ti kún. Awakọ̀ kan náà, afárá kan náà, iná fọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gíga tí ẹ máa kọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọkọ̀ tó ṣófo, tó ní awakọ̀ nìkan àti epo díẹ̀. Ẹ má fi èrò kún inú rẹ̀ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n lórí omi.

Ní ti omi adágún àti omi iyọ̀, ìyàtọ̀ wà, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan. Ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 2 tí ẹ bá wọ̀n ní Eléyélé yóò fi bí ìdajì sẹ̀ntímítà ga sí i nínú omi iyọ̀. Ẹ gbàgbé rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ rántí ni ìyípo. Tí ìgbì bá ti ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, igi àárín á lọ sílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n etí òrùlé ní ẹ̀gbẹ́ kejì á gbéra sókè. Fún òrùlé tó fẹ̀ ní mítà 2.2, tó ga ní mítà 2.35, tí ọkọ̀ bá fi dígírì 10 ṣe ẹ̀gbẹ́, etí yẹn á fi bíi sẹ̀ntímítà 15 gbéra, yóò di mítà 2.5. Ẹni tó dùbúlẹ̀ igi iná rẹ̀ tó wá rò pé mítà 2.35 ni òun, etí òrùlé ni yóò fi kan afárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìsáré: ọkọ̀ tí a tẹ̀ epo fún lójijì máa ń gbé imú sókè. Kò sí ìdí kankan láti tẹ epo lábẹ́ afárá.

Lórí títì, láti Ìbàdàn

Gíga orí títì ni láti ilẹ̀ dé òkè pátápátá, nígbà tí ọkọ̀ ti wà lórí tírélà tó máa gbé e, tí wọ́n ti dè é, tí táyà sì ti gba afẹ́fẹ́ tó yẹ. Irú tírélà tí ẹ bá yàn ló máa pinnu púpọ̀ níbẹ̀. Lórí tírélà kékeré tí ikùn ọkọ̀ fi sẹ̀ntímítà 60 ga ju ilẹ̀, ọkọ̀ tí à ń fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, tó ń rì ní sẹ̀ntímítà 40, yóò jẹ́ mítà 3.75 pẹ̀lú igi iná. Ẹ gbé ọkọ̀ kan náà lé tírélà ńlá tí pẹpẹ rẹ̀ ga ní mítà 1.4, ẹ fi igi sẹ̀ntímítà 20 tẹ́ ẹ nídìí: ó di mítà 4.75. Tí ẹ bá tú igi iná kúrò, ó di 4.35. Kọ̀ǹténà gíga, tó jẹ́ mítà 2.9, lórí pẹpẹ kan náà kò ju mítà 4.3 lọ. Nítorí náà, "kọ̀ǹténà ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́" kì í ṣe ẹ̀rí fún yín.

Ẹ tú gbogbo ohun tó ṣeé tú sílẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Igi iná tí a tú nínú ọgbà kò ní wàhálà tó èyí tó ṣẹ́ lójú ọ̀nà Èkó.

Ẹ rin ọ̀nà náà wò ṣáájú pẹ̀lú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, láti ẹnu ọgbà títí dé ibi tí ẹ ti máa sọ ọkọ̀ sómi. Láàárín ìlú, kì í ṣe afárá ńlá bíi ti Mọ́lété tàbí Mọ́kọ́lá ló máa ń kọ́kọ́ fa wàhálà, wáyà iná àdúgbò tó ti wọ́ sílẹ̀ ni, àti ẹ̀ka igi. Lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó, ẹ fojú sí afárá ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀dù tó gba orí títì kọjá. Ẹni tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ lè gba Ìdí-Ayúnrẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ wo wáyà tó gba orí ọ̀nà kọjá nínú àwọn abúlé.

Ohun méjì ló ń jẹ́ kí bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ gíga afárá sí purọ́. Èkíní ni ọ̀dà títì. Tí wọ́n bá da ọ̀dà tuntun lé ti àtijọ́, ilẹ̀ ti ga sí i, bọ́ọ̀dù sì lè má yí. Èkejì ni ilẹ̀ tó rì lábẹ́ afárá. Tí táyà iwájú bá ti gòkè kọjá kòtò, tí ti ẹ̀yìn kò tíì wọ̀ ọ́, àárín tírélà á dúró gíga ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ilẹ̀ bá fi sẹ̀ntímítà 12 rì láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, ẹ fi 12 kún gíga yín.

Ní ti wáyà iná, ọ̀rọ̀ náà le. Ẹ má fi páìpù, tépù onírin, tàbí okùn tútù wọn wáyà. Iná 11 kV àti 33 kV (ìyẹn fóòtì 11,000 àti 33,000) lè fò kan ohun tó sún mọ́ ọn láìjẹ́ pé nǹkan kan kàn án. Ẹ fi ó kéré tán mítà 3 sílẹ̀ láàárín ohun yòówù tí ẹ gbé àti wáyà bẹ́ẹ̀. Tí àyè yẹn kò bá sí, ẹ yí ọ̀nà pa dà tàbí kí ẹ lọ bá iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná kí wọ́n pa iná fún ìgbà tí ẹ máa fi kọjá. Kí ọmọ mọ́tò má fi igi ti wáyà sókè. A ń rí i lójú pópó, ó sì ń pa ènìyàn.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ gíga ohun tí ẹ kò lè fọwọ́ kàn, ẹ ṣẹ́ bébà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gùn dọ́gba sí méjì láti igun dé igun, kí ẹ lẹ ike ìfàmu mọ́ etí gígùn rẹ̀. Ẹ di etí ìsàlẹ̀ mú kó tẹ́jú, kí ẹ máa fẹ̀yìn rìn títí ẹ ó fi rí nǹkan náà gba inú ike. Ẹ wọn ilẹ̀ láti ẹsẹ̀ yín dé ìsàlẹ̀ ibẹ̀ gan-an, kí ẹ fi gíga ojú yín kún un. Tí ilẹ̀ bá jẹ́ mítà 4.2, tí ojú yín sì ga ní mítà 1.6, mítà 5.8 nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí bébà bá fi dígírì 1 péré yẹ̀, ẹ ti fi sẹ̀ntímítà 15 ṣì í. Ọgbọ́n yìí wà fún mímọ̀ bóyá àyè pọ̀ tàbí kò pọ̀. Kò wà fún ibi tó há.

Abẹ́ afárá lórí omi

Afárá kan kì í ní gíga kan. Third Mainland, tí wọ́n ṣí tán ní 1990, gùn ju kìlómítà 11 lọ, àwọn ibi tó lọ sílẹ̀ wà lára rẹ̀, àwọn ibi tó ga sì wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Carter, ti Falomo àti ti Lẹ́kí sí Ìkòyí: ibi tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ni kí ẹ gbà, ẹ má fi ìwọ̀n àárín gba ẹ̀gbẹ́. Ẹ tún wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa fún páìpù omi àti wáyà tí wọ́n so kọ́. Òun ni òrùlé yín, kì í ṣe kọ́ńkéré.

Tí kò bá sí bọ́ọ̀dù, ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ẹ yan àsìkò tí omi fà, tí afẹ́fẹ́ kò sì sí, ẹ dùbúlẹ̀ ohun gbogbo tó ṣeé dùbúlẹ̀, ẹ wọ ẹ̀wù agbẹ̀mílà, ẹ rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dé abẹ́ ibi tó lọ sílẹ̀ jù. Ẹ fi páìpù PVC tí ẹ so pọ̀ wọn láti ojú omi dé abẹ́ afárá. Ẹnìkan ń wo ìsàlẹ̀, ẹnìkan ń wo òkè. Tí ó bá jẹ́ lésà ni, ẹ fi gíga lésà náà lókè omi kún ohun tó bá kọ. Ẹ kọ wákàtí sílẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n, nítorí pé ìwọ̀n tí kò ní wákàtí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Omi òkun ní Èkó máa ń kún, á sì fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, bíi wákàtí 6 láàárín kíkún àti fífà. Létí òkun, ìyàtọ̀ náà lè súnmọ́ mítà 1. Bí ẹ bá ṣe ń wọ inú ọ̀sà lọ ló ń dín. Ẹ wo tábìlì ìkún omi, ìwé tó ń sọ ìgbà tí omi máa kún àti bó ṣe máa ga tó, fún ọjọ́ yẹn. Tí ẹ bá wọn mítà 4.10 nígbà tí tábìlì sọ pé omi wà ní mítà 0.4, tí kíkún rẹ̀ yóò sì jẹ́ mítà 1.1, omi máa fi sẹ̀ntímítà 70 gbéra: mítà 3.40 ló kù. Ẹ yọ ọkọ̀ mítà 2.75 kúrò, sẹ̀ntímítà 65 ló ṣẹ́ kù.

Tábìlì kò mọ̀ nípa òjò. Ní September àti October, omi odò máa ń kún ọ̀sà. Odò Ọ̀ṣun tí wọ́n sé ní Àṣẹ́jíre, apá Ẹ̀pẹ́ ló ń ṣàn lọ. Òjò tó pa Ìbàdàn máa ń fi díẹ̀ dé ibi tí ọkọ̀ yín wà. Ẹ wo òpó afárá: ìlà dúdú tó ga jù lára rẹ̀ fi ibi tí omi ti dé rí hàn. Ẹ wọn láti ojú omi dé ìlà yẹn, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àyè tó wà níbẹ̀ báyìí.

Àyè tó yẹ kó ṣẹ́ kù jẹ́ sẹ̀ntímítà 50 nínú omi tó dákẹ́. Níbi tí ọkọ̀ ńlá ti ń kọjá, tí ìgbì wọn ń gbé yín sókè, mítà 1 ni kí ẹ fi sílẹ̀. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ dúró kí omi fà.

Ẹ de páìpù PVC kan mọ́ imú ọkọ̀, kí orí rẹ̀ fi sẹ̀ntímítà 20 ga ju ibi tó ga jù lọ. Páìpù yẹn ni yóò kọ́kọ́ kan afárá. Á tẹ̀, kò sì ní ba nǹkan kan jẹ́. Ẹ máa lọ lòdì sí ìṣàn omi bí ẹ bá ń kọjá níbi tí kò dá yín lójú: ẹ lè dúró, ẹ sì lè pa dà sẹ́yìn. Ẹni tí omi ń gbé lọ láti ẹ̀yìn, tó wá rí i pé ibẹ̀ há, kò ní ibi tó máa gbà.

Ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà mẹ́ta síwájú ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí: gíga pẹ̀lú áńtẹ́nà, gíga láìsí áńtẹ́nà, gíga lórí tírélà, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ wọ̀n wọ́n. Tí ẹ bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, tí ẹ bá gbé bátìrì láti iwájú lọ sẹ́yìn, tàbí tí ẹ fi nǹkan kan kún òrùlé, ẹ pa nọ́ńbà náà rẹ́, kí ẹ tún un wọ̀n.